Ọ̀dà Ẹ̀yìnkùlé Láoyè

Bí ẹnì kan bá sọ fún ọ pé ọ̀lẹ ni Láoyè, má wulẹ̀ dá a lóhùn. Irọ́ gbáà ni. Alágídí ni Láoyè, ìyẹn sì yàtọ̀. Ọdún mọ́kànlélógún ló fi ro oko kòkó olóko ní Omifunfun, tó ń san ìṣákọ́lẹ̀ lọ́dọọdún láìjẹ́ kí wọ́n rán an létí, kí orúnkún tó lé e kúrò nínú igbó. Òun àti Fadékẹ́ ìyàwó rẹ̀ kó wá sí Òrè, wọ́n gba yàrá méjì nílé Pa Ọlọ́runníyì, Láoyè sì bẹ bàbá náà pé kó jẹ́ kí òun máa gbin nǹkan sí ẹ̀yìnkùlé.

Bàbá gbà. Kí ló máa fi ilẹ̀ yẹn ṣe? Kò ju ogójì ìṣísẹ̀ lọ, ó sì le débi pé bí o bá fi ọkọ́ lù ú, ọkọ́ ni yóò ta padà. Ewébẹ̀ tí Láoyè kọ́kọ́ gbìn síbẹ̀ hù ní ìka kan, ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó kú.

Ìgbà tí owó epo rọ̀bì ń ṣàn káàkiri nìyẹn. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ dá Ìpínlẹ̀ Oǹdó sílẹ̀ ní ọdún méjì sẹ́yìn, gbogbo ẹni tó ní ilẹ̀ létí títì ló fẹ́ kọ́lé, ìrẹsì àpò tó ti òkè òkun wá ni wọ́n sì ń jẹ bí ẹni pé ọ̀tá ni iṣu. Àwọn oníbúlọ́ọ̀kù ń wá ibi tí wọ́n máa ti ṣiṣẹ́ kiri. Wọ́n rí ẹ̀yìnkùlé Pa Ọlọ́runníyì, wọ́n fẹ́ ẹ.

Bàbá pe Láoyè. Ọmọ Ìkálẹ̀ pọ́ńbélé ni Bàbá, ṣùgbọ́n bó bá ń bá àlejò sọ̀rọ̀, èdè ṣọ́ọ̀ṣì, ìyẹn Yorùbá inú Bíbélì, ló máa ń sọ. Ó ní, "Láoyè, n kò fẹ́ ṣe ọ́ níkà. Mo fún ọ di ìgbà ìkórè ilé àdúrà wa. Tí ilẹ̀ yẹn kò bá tíì mú nǹkan jáde nígbà náà, àwọn oníbúlọ́ọ̀kù ló ni ín."

Láoyè dúpẹ́, ó wọlé, ó jókòó. Láti kékeré, iṣẹ́ kan ṣoṣo ló mọ̀. Àgbẹ̀ tí kò ní ibi tí yóò ti ọkọ́ bọ̀, kí ni wọ́n ń pè é? Ajílẹ̀ àpò tí ìjọba ń pín kò sì kan irú tirẹ̀. Àwọn alágbára ti gbà á tán kó tó gbọ́ pé ó dé.

Fadékẹ́ ló ní, "Bàbá Oyèlọlá, ìyá mi kò ra ajílẹ̀ rí. Ààtàn ló fi ń gbin ẹ̀fọ́. Èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀ mi ń bàjẹ́ lásán ní garéèjì lójoojúmọ́." Dòdò ló ń dín tà fún àwọn onímọ́tò. "Ẹ jẹ́ kí n fi bí wọ́n ṣe ń ṣe é hàn yín."

"Fi kí ni hàn mí? Èmi tí mo ti ń roko kí wọ́n tó bí ọ?"

Ó dá a ṣe. Ó kó èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀ jọ rẹpẹtẹ, ó da tòmátì jíjẹrà lé e, ó da ọbẹ̀ tó ti kan lé e, ó tún fi orí ẹja mẹ́fà dé e ládé, ó wá bu omi gárawà mẹ́ta sí i. Ní ọjọ́ karùn-ún, ó le kú, ìjà Òrè! Òórùn náà gba ojúde kọjá, ó wọ ilé àdúrà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé. Àwọn aláṣọ funfun rò pé ẹ̀mí àìmọ́ kan ló ń kọjá. Wọ́n fi tùràrí lé e fún ọjọ́ mẹ́ta, ẹ̀mí náà kò lọ.

"Bàbá Oyèlọlá," Fadékẹ́ ní, ó fi ìborùn bo imú, "ṣé ajílẹ̀ lẹ fẹ́ ṣe ni, àbí ẹja lẹ fẹ́ sin?"

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, Láoyè gbé ọkọ́ fún ìyàwó rẹ̀, ó sì dúró sẹ́yìn rẹ̀ bí ọmọ ilé ìwé tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ nà.

Fadékẹ́ kó ẹja dànù, ó sin ín jìnnà. Ó tẹ́ ẹ̀ka igi wẹ́wẹ́ sílẹ̀ kí afẹ́fẹ́ lè máa gba abẹ́ wọlé. Ó da ewé gbígbẹ àti lẹ́búlẹ́bú igi tí wọ́n kó wá láti ibi ìlagi lé e, ó da èèpo tútù lé ìyẹn, ó bu ìgbẹ́ adìẹ wọ́n ọn, ó tún fi ewé gbígbẹ bò ó. "Bí tútù bá jẹ́ agbọ̀n kan, kí gbígbẹ jẹ́ méjì. Tútù nìkan ló ń rùn. Gbígbẹ nìkan kì í jẹrà." Ó wọ́n omi díẹ̀ sí i, ó bu ẹ̀kúnwọ́ kan, ó fún un mọ́ àtẹ́lẹwọ́. "Ẹ wò ó. Kó rí bí aṣọ tí a fún tán. Bí omi bá ń kán, ó ti pọ̀ jù." Ó fi ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ bo gbogbo rẹ̀, ó sì ki igi gígùn kan bọ àárín. Ní ọjọ́ kẹrin, ó fa igi náà yọ, ó ní kí ọkọ òun dì í mú. Láoyè dì í mú, ó sọ ọ́ nù. Igi náà gbóná bí èyí tí wọ́n yọ nínú iná.

Láti ìgbà náà, kò sí ẹni tó lè gba òkìtì yẹn lọ́wọ́ Láoyè mọ́. Ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀ ló ń yí i, kí tòde lè di tinú. Bí ìrì bá sẹ̀ láàárọ̀, òkìtì á máa rú èéfín, Láoyè á sì máa kí i káàárọ̀.

Òjò ńlá kan ló wá da ọ̀rọ̀ rú. Omi wọ inú òkìtì, ó gba ìsàlẹ̀ jáde, ó dúdú kirikiri, ó ń ṣàn lọ sí ojú ọ̀nà. Pa Ọlọ́runníyì ń bọ̀ láti ibi ìsìn òwúrọ̀ nínú aṣọ funfun, láìwọ bàtà bí àṣà wọn. Ó tẹ omi dúdú náà. Ó wo àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀. Ó wo òkìtì tó ń rú èéfín. Ó pariwo, "Halelúyà!"

Ìdí rẹ̀ rèé. Jésùtọ́pẹ́, ọmọ àbúrò bàbá náà, aríran ni nílé àdúrà wọn. Ní ọdún tó kọjá, ó ríran pé ohun dúdú kan yóò ti ẹ̀yìn ilé náà jáde, yóò sì bọ́ ilé. Bẹ́ẹ̀, kò sí ẹni tí kò mọ ọ̀dà inú ilẹ̀ Agbabu, irú èyí tí wọ́n fi ń ṣe títì, tí wọ́n ti ń sọ láti ayébáyé pé ìjọba ń bọ̀ wá wà, tí ìjọba kò wà. Bàbá ti ń retí kí ọ̀dà náà gba abẹ́ ilẹ̀ wá bá òun ní Òrè láti ìgbà yẹn.

"Bàbá, omi èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀ ni o," Láoyè ní.

"Láoyè, má jẹ́ kí Èṣù lò ọ́."

Ọjọ́ náà gan-an ni Bàbá lé àwọn oníbúlọ́ọ̀kù lọ. Inú Láoyè dùn títí di ọ̀sán, nígbà tí àwọn ọmọ ìjọ fi imọ̀ ọ̀pẹ yí òkìtì rẹ̀ ká, tí wọ́n ní kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án mọ́. Ó kígbe, ó búra, ó ní iṣẹ́ ọwọ́ òun ni. Wọ́n ní kó farabalẹ̀, àwọn kò ní gbàgbé rẹ̀ nígbà tí olówó tó máa ra ọ̀dà bá dé.

Òjò dá. Ọ̀dà náà dá. Ní ọjọ́ karùn-ún, Pa Ọlọ́runníyì pe Láoyè sí kọ̀rọ̀. "Kí lo máa ń ṣe sí i tó fi ń sun?"

Láoyè sọ òótọ́, kò fi ẹyọ kan pamọ́. Èèpo. Ewé gbígbẹ. Ìgbẹ́ adìẹ. Omi níwọ̀nba. Kí a máa yí i lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Pa Ọlọ́runníyì mi orí, ó ní, "Ìjìnlẹ̀ ni."

Ní Ọjọ́bọ̀, gbogbo ìjọ dé. Àwọn ìyá gbé èèpo iṣu àti ti ọ̀gẹ̀dẹ̀ karí, wọ́n ń kọrin. Àwọn bàbá ká aṣọ funfun sókè dé orúnkún, wọ́n ń yí òkìtì. Ṣé Láoyè lè rí iṣẹ́ tí wọn kò mọ̀ ọ́n ṣe, kó pa ẹnu mọ́? "Tútù ti pọ̀ jù níbẹ̀ yẹn! Ẹ da gbígbẹ sí i!" Wọ́n á dáhùn pé, "Àmín!" Ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ ni wọ́n fi ṣe bẹ́ẹ̀, omi dúdú náà sì tún ń sun díẹ̀díẹ̀. Fadékẹ́ sọ ọkọ rẹ̀ ní Bíṣọ́ọ̀bù.

Nígbà tí ìkórè ku nǹkan bí oṣù méjì, Bàbá ránṣẹ́ sí Oyèdèjì ní Agbabu, ọkùnrin tó ti bá àwọn tó wá yẹ ọ̀dà wò ṣiṣẹ́ rí. Ó gun alùpùpù dé. Ìjọ yí i ká. Ó ti ìka bọ omi dúdú náà, ó gbọ́ òórùn rẹ̀, ó wá ní kí wọ́n bu omi fún òun. Ó ṣan ọwọ́, ọwọ́ mọ́.

"Bàbá, kẹ̀rẹ́sìnì la fi ń bọ́ ọ̀dà kúrò lọ́wọ́. Èyí tí omi lásán fọ̀ yìí…" Kò lè parí rẹ̀. Ẹ̀rín pa á, ó fi ọwọ́ di alùpùpù mú.

Ojú Pa Ọlọ́runníyì pọ́n. Ìtìjú mú un gidigidi, ìtìjú sì di ìbínú. "Ẹ lọ bá mi pe àwọn oníbúlọ́ọ̀kù. Lónìí!"

Láoyè gbàgbé orúnkún, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja nínú ẹrẹ̀. "Bàbá, ẹ má gba ilẹ̀ náà. Mo bẹ̀ yín. N kò mọ iṣẹ́ mìíràn." Omi lé lójú rẹ̀, kò sì bìkítà fún ẹni tó ń wò ó.

Jésùtọ́pẹ́ ti ṣí ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ kúrò lórí òkìtì. Ó ti ọwọ́ bọ̀ ọ́, ó bu ẹ̀kúnwọ́ kan jáde. Èèpo kankan kò sí níbẹ̀ mọ́. Ilẹ̀ dúdú ni, ó rọ̀, ó ń tú wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́, ekòló ń jó nínú rẹ̀, òórùn rẹ̀ sì dà bí ti igbó lẹ́yìn òjò. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ òkìtì níbẹ̀, irúgbìn elégédé tí ẹnikẹ́ni kò gbìn ti ta ewé tó tó abẹ̀bẹ̀.

"Bàbá," ó ní, "ṣé mo dárúkọ ọ̀dà fún yín? Mo ní ohun dúdú. Mo ní yóò bọ́ ilé."

Gbogbo ìjọ wo Bàbá. Bí ó bá pe àwọn oníbúlọ́ọ̀kù báyìí, ó ti sọ ìran di irọ́ nìyẹn, irọ́ tí òun fúnra rẹ̀ ti kéde lórí pẹpẹ. Bàbá wúkọ́. Ó tún wúkọ́.

"Mo ti mọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀," ó ní. "Ìgbàgbọ́ yín ni mò ń dán wò. Láoyè, dìde nínú ẹrẹ̀."

Wọ́n tú ohun dúdú náà ká orí ilẹ̀ líle yẹn, Láoyè sì fọ́n irúgbìn ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀ sí i. Kí ìkórè tó pé, tẹ̀tẹ̀ ti dé orúnkún Láoyè, èyí tí ń dùn ún.

Nígbà tó tó àkókò ìṣákọ́lẹ̀, Láoyè di ẹ̀fọ́ ìdì mẹ́fà, ó fi elégédé ńlá méjì lé e, ó gbé e lọ bá onílẹ̀. Pa Ọlọ́runníyì wo ẹrù náà, ó ní kó gbé e padà fún ìyàwó rẹ̀.

"Apẹ̀rẹ̀ méjì nínú ohun dúdú yẹn ni kí o fi san án. Ọsàn mi tó wà níwájú ilé ń kú lọ."

Láoyè wọlé, ó jókòó ti Fadékẹ́.

"Ìyá Oyèlọlá," ó ní, "láti ọdún tí mo ti ń san ìṣákọ́lẹ̀, èmi ni mò ń tọrọ ilẹ̀ lọ́wọ́ onílẹ̀. Òní ni onílẹ̀ tọrọ ilẹ̀ lọ́wọ́ mi."