Ṣòkòtò Onírọ́bà Ọ̀gá Gíà

Lọ́jọ́ tí ọkọ mi tẹ etí ṣòkòtò ara rẹ̀ mọ́lẹ̀, tó sì ṣubú lórí àtẹ̀gùn ọ́fíìsì níṣojú àwọn dírẹ́bà tí wọ́n ní kó wá kọ́ níṣẹ́, ó dìde fúnra rẹ̀, ó gbọn eruku nù, ó sì wá sílé. Àwọn ọmọ náà rẹ́rìn-ín. Mi ò tíì dárí jì wọ́n.

Ọ̀gá Gíà ni orúkọ tí wọ́n fún un nígbà tó ń wa ọkọ̀ àjàgbé, torí ó lè pààrọ̀ gíà lórí òkè kí omi inú ife má dà. Ìjàm̀bá ọkọ̀ ló ṣẹ́ ẹ lẹ́sẹ̀. Nígbà tí eegun jinná, ẹsẹ̀ òsì ti kúrú ju ọ̀tún lọ. Kò lè wakọ̀ lọ ọ̀nà jíjìn mọ́, iléeṣẹ́ sì ní kó wá máa kọ́ àwọn tuntun. Ọjọ́ àkọ́kọ́ náà ló ṣubú. Ọ̀gá iléeṣẹ́ ní kó lọ sinmi, kó padà wá ní Mọ́ńdè àkọ́kọ́ nínú oṣù tó ń bọ̀. Bó bá tún ṣubú, àwọn á wá ẹlòmíràn tí ẹsẹ̀ rẹ̀ pé.

Gbogbo ẹbí ní kó ra ọ̀pá. Ọkọ mi ní kì í ṣe ẹsẹ̀ ló gbé òun ṣubú, ṣòkòtò ni. Òótọ́ sì ni. Gbogbo aránṣọ tí a ti gbé aṣọ fún, ẹsẹ̀ kan ṣoṣo ni wọ́n ń wọ̀n. Wọn a ká aṣọ sí méjì, wọn a gé ẹsẹ̀ méjèèjì pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Bó bá ní kí wọ́n wọn èkejì, wọn a ní kí Bàbá fọkàn balẹ̀. A ó fọkàn balẹ̀, ṣòkòtò á wá balẹ̀ ju ọkàn lọ. Wọ́n ní ẹrù amúkùn-ún wọ́, ó ní òkè lẹ̀ ń wò, ẹ ò wo ìsàlẹ̀. Tiwa tó jẹ́ pé ìsàlẹ̀ gan-an ni wọ́n ń rán, wọn ò wò ó.

Ló bá di ọ̀dọ̀ aládùúgbò wa, obìnrin kan tó ń kọ́ àwọn ọmọbìnrin ní aṣọ rírán ní pálọ̀ rẹ̀. Àǹtí Aránṣọ là ń pè é. Mo sin ọkọ mi lọ, ó sì ní òun fẹ́ kọ́ bí òun á ṣe máa rán ṣòkòtò fúnra òun. Àǹtí gbé aṣọ funfun pélébé síwájú rẹ̀, ó ní àpò ìrọ̀rí ni kó kọ́kọ́ rán.

Ó ní, “Ìwọ̀n eku ni ìwọ̀n ìtẹ́, Bàbá. Ṣòkòtò kì í ṣe iṣẹ́ ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé.”

Ọkọ mi ní, “Ṣé àpò ìrọ̀rí ni màá wọ̀ lọ síbi iṣẹ́ ni, Àǹtí?”

Wọ́n fà á títí. Kò sí ẹni tó fẹ́ gbà nínú àwọn méjèèjì, alágídí ni wọ́n. Níkẹyìn Àǹtí ní ó dáa, bó bá jẹ́ pé ṣòkòtò náà ni dandan, kó rán àpò ìrọ̀rí títí ojú ìrán rẹ̀ á fi tọ́, lẹ́yìn náà kó rán ṣòkòtò onírọ́bà níbàdí: kò ní sípù, kò ní àpò, kò ní ibi tí bẹ́líìtì ń gbà. Ọkọ mi bẹ̀bẹ̀ fún àpò kan péré, Àǹtí kọ̀. Mo rò pé yóò bínú jáde. Kò bínú. Lọ́nà ilé ó sọ fún mi pé òun náà kì í fi dírẹ́bà tuntun sórí òkè lọ́jọ́ kìíní, ilẹ̀ tó tẹ́jú lòun ń fi í sí, kì í sì í ṣe pé ẹni náà ò ní gùnkè láyé.

Àpò ìrọ̀rí àkọ́kọ́ wọ́ bí ọ̀nà oko. A wá ní àpò ìrọ̀rí nílé ju orí tí yóò sùn lé e lọ. Ìgbà tí ojú ìrán tọ́, ó fi kọ́tìnì àtijọ́ dán ṣòkòtò wò. Kò ká aṣọ sí méjì bíi tàwọn aránṣọ. Ó gé ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀. Àfi bó ṣe gbé e dìde tí a rí i pé ẹsẹ̀ òsì méjì ló gé, torí kò yí bébà tó fi ya ìwọ̀n sára aṣọ dà kó tó gé èkejì. Mo rẹ́rìn-ín títí mo fi jókòó sílẹ̀. Ó ní kí n rẹ́rìn-ín tán, kí n bá òun tú kọ́tìnì kejì sílẹ̀ lójú wíńdò.

Ti kejì yẹn, òsì dúró sí òsì, ọ̀tún dúró sí ọ̀tún. Àǹtí yí i wò. Ó fa téèpù yọ, ó wọn ẹsẹ̀ ọkọ mi méjèèjì fúnra rẹ̀, ó wá ní kó gbé aṣọ iṣẹ́ gangan wá, òun á bá a rán an lọ́fẹ̀ẹ́, tòun ti sípù.

Ọkọ mi ní, “Ẹ ṣeun. Ṣùgbọ́n bó bá gbó ńkọ́? Bí ẹ bá kó kúrò ládùúgbò ńkọ́? Mo ti bẹ èèyàn tó nítorí ẹsẹ̀ ara mi.”

Ó gé aṣọ náà fúnra rẹ̀. Inú mi dùn sí i débi pé ẹkún fẹ́ gbọ̀n mí.

Ní Mọ́ńdè, mo purọ́ pé mo ní ẹni tí mo fẹ́ rí lápá ibẹ̀, mo bá a lọ. Ọ̀gá iléeṣẹ́ sọ̀ kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn ọ́fíìsì, ojú rẹ̀ sì lọ tààrà sí ìbàdí tí rọ́bà fún pọ̀. Ó ní aṣọ iṣẹ́ àwọn ní sípù àti bẹ́líìtì, pé èyí jọ ohun tí èèyàn ń wọ̀ sùn. Àwọn dírẹ́bà tún ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ẹ̀rín wọn.

Ọkọ mi ò gbé ohùn sókè. Ó ní, “Èmi ni mo rán an, ọ̀gá. Sípù ò tíì dé ọwọ́ mi. Ìgbà tí mo bá mọ̀ ọ́n, ẹ ó rí i. Kó tó dìgbà yẹn, èyí ni màá máa wọ̀ kọ́ wọn, àyàfi tó bá jẹ́ pé sípù lẹ fẹ́ kí n kọ́ wọn.”

Kò dúró gbọ́ èsì. Ó rìn lọ sídìí ọkọ̀ àjàgbé, ó ń tiro, etí ṣòkòtò méjèèjì bọ́gba lókè bàtà rẹ̀. Ó gun ọkọ̀ láìfi ọwọ́ ká aṣọ sókè, ó sì nàka sí èyí tí ẹ̀rín rẹ̀ pọ̀ jù nínú wọn pé kó wá jókòó sídìí ìtọ́kọ̀. Ọmọ náà lọ. Ọ̀gá iléeṣẹ́ wo ṣòkòtò yẹn títí, ó wá ní kí wọ́n ṣí géètì fún ọkọ̀ náà.