Gíláàsì Tíì Ọkọ Mi

Lọ́jọ́ tí ọkọ mi kọ́kọ́ gbé ewé yẹn wọlé, mo rò pé nǹkan ti ṣe é níbi iṣẹ́ ni. Ó tú bébà kan sílẹ̀ lórí tábìlì, ewé gbígbẹ tó ká jọ róbótó-róbótó ló wà nínú rẹ̀, ó sì ní kí n bá òun gbé omi kaná. Mo bi í pé irú àgbo wo nìyẹn. Ó ní tíì ni. Tíì kẹ̀? Tíì tí èmi mọ̀ láti kékeré ní Kinkinau, ní Kaduna níbí, ni èyí tí mai shayi, Hausa tó ń ta tíì, ń pò níwájú ilé wa, tó ń da mílíìkì sí, tó ń bu ṣúgà sí, tó ń dà á láti inú ife kan sí òmíràn títí yóò fi rú fìì. Èyí ò ní mílíìkì, kò ní ṣúgà. Ó bu ewé náà sínú gíláàsì, ó da omi gbígbóná lé e, ewé ń léfòó káàkiri, ó sì ń fi eyín sẹ́ ewé bó ṣe ń mu ún. Ẹnu yà mí débi pé mo gbàgbé ẹ̀wà lórí sítóófù.

Ilé iṣẹ́ aṣọ ló ti ń ṣiṣẹ́, kò jìnnà sí Trikania níbi tí a gba yàrá sí. Ará Ṣáínà kan tó ń tún ẹ̀rọ ṣe níbẹ̀ ló kọ́ ọ. Gíláàsì ọkùnrin yẹn kì í kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́, omi ló kàn máa ń dà lé ewé kan náà. Ọkọ mi tọ́ ọ wò lọ́jọ́ kan, ó sì kúndùn ún.

Èmi náà kọ́ ọ. N kì í fẹ́ kí ohunkóhun ṣòro fún mi nínú ilé ìdáná ara mi. Mo wá rí i pé èèyàn ò gbọ́dọ̀ da omi tó ń hó lọ́wọ́ lé e, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ á korò bí ewúro. Màá gbé kẹ́tùlù sílẹ̀ fúngbà díẹ̀ ná, màá fi omi gbígbóná ṣan gíláàsì kó má baà là, màá wá bu ìwọ̀nba ewé tí orí ìka lè mú sí i. Tí mo bá ti da omi lé e, màá jókòó máa wò ó. Ewé á kọ́kọ́ léfòó, á máa tú díẹ̀díẹ̀, á wá máa rọra rì lọ sísàlẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ọkọ mi kì í mu ún tán. Bó bá ku díẹ̀, màá tún da omi lé e, omi kejì yìí ló sì fẹ́ràn jù. Kí n sọ òótọ́, mo gbádùn kí n máa pò ó fún un.

Inú ilé mùsùlùmí ni wọ́n bí mi sí, láàárín àwọn Yorùbá tó ti pẹ́ ní Kaduna. Ọkọ mi ní tirẹ̀ jẹ́ ọmọ ìjọ, láti apá Kabba. Ìyá rẹ̀ ò kọ̀ mí. Ohun kan ṣoṣo ló bẹ̀ mí kí a tó ṣègbéyàwó: òun ò fẹ́ ẹ̀sìn méjì nínú ilé ọmọ òun. Mo gbà. Ìfẹ́ ń pa mí bí ọtí nígbà náà. Mo ń bá wọn lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, mo mọ orin wọn, mo tiẹ̀ ń kọ ọ́ ju àwọn tí wọ́n bí síbẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n bí oṣù ààwẹ̀ bá dé, ọkàn mi kì í balẹ̀. Lọ́dún àkọ́kọ́, mo fara dà á. Lọ́dún kejì, mo bẹ̀rẹ̀ sí í gbààwẹ̀ ní bòńkẹ́lẹ́. Bí ọkọ mi bá bi mí léèrè oúnjẹ tèmi, màá ní mo ti jẹ nídìí ààrò. Lójú tèmi, kò sẹ́ni tó mọ̀.

Ọdún tó tẹ̀ lé e, nínú oṣù yẹn kan náà, ni ìyá ọkọ mi dé bá wa láìsọ tẹ́lẹ̀. Ó gbé iṣu wá fún mi, ó gbé ẹ̀gúsí wá, ó sì ń jókòó tì mí nílé ìdáná láràárọ̀. Inú mi dùn. Mo rò pé ìfẹ́ ni. N kò mọ̀ pé bàbá kan nínú ẹgbẹ́ ọmọ ìlú wọn ti délé lọ sọ pé ọmọ wọn ti rù ní Kaduna, pé ìyàwó rẹ̀ ń fún un ní omi ewé mu lójoojúmọ́, pé ohunkóhun tí obìnrin náà bá sì ti sọ labẹ gé. Ìdí nìyẹn tí ojú Màmá fi wà lára gíláàsì látàárọ̀ ṣúlẹ̀. Gíláàsì ló ń ṣọ́, kò ráyè ṣọ́ ẹnu mi.

Ní ọ̀sán Sátidé kan, ọkọ mi ti ibi iṣẹ́ dé, mo po tíì rẹ̀, mo sì gbé e wá sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ níbi tí àwọn méjèèjì jókòó sí. Kí ó tó nawọ́ sí i, ìyá rẹ̀ ti gbà á. Ó gbé e sókè, ó wo ewé inú rẹ̀, ó wá fi ọwọ́ méjèèjì gbé e padà fún mi.

Ó ní, “Ìyàwó mi, nílé tiwa, ẹni tó bá po nǹkan ló ń kọ́kọ́ tọ́ ọ wò. Mu díẹ̀ níbẹ̀ kí ọkọ rẹ tó mu.”

Ẹ̀ẹ̀kan náà ni gbogbo rẹ̀ yé mi. Obìnrin tí mo ń fún lómi wẹ̀ láràárọ̀ yìí, ó rò pé mo ń fún ọmọ òun lóògùn jẹ. Oòrùn ṣì wà lókè. Bí mo bá mu ún, ààwẹ̀ mi lọ. Bí n kò bá mu ún, mo di apọkọ. Bí mo bá sì la ẹnu sọ òótọ́, ẹ̀jẹ́ tí mo jẹ́ fún un ti fọ́ nìyẹn.

Mo ní ó gbóná. Ó ní òun á dúró. A dúró, títí gbogbo ewé fi rì. Mo ní n kì í fẹ́ ìtọ́wò rẹ̀. Ó rọra bi mí pé ṣé ohun tí èmi ò lè mu ni mo wá ń fún ọmọ òun lójoojúmọ́. Mo wo ọkọ mi. Òun ló gbé ewé yìí wọlé, òun ló kọ́ mi, gbólóhùn kan ṣoṣo ni mo nílò lẹ́nu rẹ̀. Ó jókòó, ó gbé ọwọ́ lé orúnkún, ó ń wò mí.

Ni mo bá mu ún. N kò kàn tọ́ ọ wò. Ìbínú mú kí n dà á sọ́fun títí ewé fi lẹ̀ mọ́ mi létè. Màmá mí kanlẹ̀, omi bọ́ lójú rẹ̀, ó gbá mi mọ́ra. Ó ṣàlàyé ohun tí wọ́n wá sọ fún òun nílé, ó sì bẹ̀ mí kí n foríji òun. Mo ní kò sí nǹkan kan, mo sáré wọ ilé ìdáná, mo sì sunkún.

Ọkọ mi tẹ̀ lé mi. Ó sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́, kí ìyá rẹ̀ má baà gbọ́.

“Pẹ̀lẹ́. Ṣebí o lè san ọjọ́ kan yẹn padà tí oṣù bá parí?”

Kò kọ́kọ́ yé mi. Ìgbà tó yá ló tó yé mi pé ààwẹ̀ mi ló ń sọ. Mo bi í pé ta ló sọ fún un. Ó ní kò sẹ́ni tó sọ ọ́, pé láti èṣí ni òun ti mọ̀, nítorí òórùn ọbẹ̀ sààrì máa ń wà lọ́wọ́ mi ní ìdájí. Mo ní kí ló dé tó fi jókòó tí kò sọ̀rọ̀. Ó wolẹ̀.

“Mo fẹ́ mọ èyí tó o máa yàn nínú èmi àti ààwẹ̀ rẹ ni.”

Mo ti rò pé ìyá rẹ̀ nìkan ló ń dán mi wò. Ìyá bẹ̀rù kí ọmọ òun má kú, ó yé mi. Kí ni ọmọ ń bẹ̀rù? Inú bí mi débi pé ẹ̀rù ohunkóhun ò bà mí mọ́. Mo jáde, mo kúnlẹ̀ níwájú Màmá, mo sì fi ẹnu ara mi sọ gbogbo rẹ̀ fún un: pé mo ti da ẹ̀jẹ́ mi, pé ààwẹ̀ wà lẹ́nu mi nígbà tí mo mu nǹkan yẹn, pé ọmọ rẹ̀ sì ti mọ̀ tipẹ́.

Mo ń retí kó pariwo mọ́ mi. Kò pariwo. Ó fọwọ́ bo ẹnu, ó sì gbójú sókè wo ọmọ rẹ̀ tó dúró lẹ́nu ọ̀nà.

“O mọ̀ pé ààwẹ̀ wà lẹ́nu rẹ̀, o sì jókòó ń wò mí bí mo ṣe ń fún un mu?”

Ó bi í lẹ́ẹ̀mejì. Ni Màmá bá dìde, ó mú ìborùn rẹ̀, ó ní kí n lọ wọ bàtà kí n mú òun lọ sọ́dọ̀ àwọn òbí mi, òun fẹ́ lọ bẹ̀ wọ́n kí ilẹ̀ tó ṣú. Ọkọ mi ní òun á bá wa lọ. Ìyá rẹ̀ ní kó jókòó.