Ta Ló Ń Ta Sájẹ́ǹtì Akínlọ́lá ní Gbàǹjo?

Sájẹ́ǹtì Clement Akínlọ́lá kú ní Ọ̀kà Àkókó, lórí àga tó máa ń gbé síta kọjú sí òkè. Àìsàn ìtọ̀ ṣúgà ló pa á. Iwájú ilé rẹ̀ la sin ín sí. Ohùn rẹ̀ kò tíì kúrò létí wa tí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ sí í tà á.

Ẹ má rò pé àsọdùn ni. Wọ́n ń tà á.

Ẹgbẹ́ ni èmi àti Clement, àdúgbò kan náà la ti dàgbà. Ogun Liberia ló lọ. Ọkùnrin gíga ni, kì í pariwo, ó sì máa ń wọ́ ẹsẹ̀ òsì díẹ̀. Tí a bá ní kó sọ ìtàn ogun fún wa, ẹ̀rín ni yóò rín, yóò wá bi wá bóyá a ti jẹun. Suleiman, ará Ìkàrẹ́ tí wọ́n jọ lọ, ló tú àṣírí rẹ̀. Orí afárá kan ní Monrovia ni ìbọn ti ba ẹsẹ̀ Suleiman jẹ́, Clement sì gbé e sẹ́yìn sọdá.

"Ẹ̀jẹ̀ tirẹ̀ náà ń ṣàn, kò sọ fún mi," ni Suleiman wí. "Ìgbà tó gbé mi sílẹ̀ ni mo tó rí i."

Nítorí afárá yẹn ni wọ́n ṣe fún un ní mẹ́dà, àmì-ẹ̀yẹ ìgboyà.

Nígbà tó kú, Bridget, ọmọ rẹ̀ obìnrin, lọ sí ọ́fíìsì tó ń rí sí ọ̀rọ̀ àwọn sójà tó ti fẹ̀yìn tì. Kò tọrọ owó. Sójà díẹ̀ àti ẹni tí yóò fun fèrè létí sàréè ló ní kí wọ́n fún òun. Ọkùnrin tó bá níbẹ̀ tẹ kọ̀ǹpútà, ó mi orí.

"Madam, a ò ní Akínlọ́lá kankan. Akínọlá la rí."

"Àwọn náà nìyẹn, sà. Ẹ̀yin lẹ ṣì í kọ. Bẹ́ẹ̀ lẹ ṣe fín in sí etí mẹ́dà wọn. Gbogbo ayé wọn ni wọ́n fi bẹ̀ yín kẹ́ ẹ tún un ṣe."

"Ẹ ní kí wọ́n lọ tún un ṣe ní Àbújá."

Ta ni kó lọ? Ṣé òkú ló máa wọ mọ́tò lọ sí Àbújá?

Bí a ṣe sin jagunjagun láìsí sójà nìyẹn. Suleiman nìkan ló wá. Ó dúró lórí ọ̀pá ìtìlẹ̀ rẹ̀ létí sàréè, ó ń pàṣẹ sókè bíi pé odidi ọ̀wọ́ sójà ló tò sẹ́yìn rẹ̀, ó wá gbé ọwọ́ síwájú orí, ó kí ọ̀rẹ́ rẹ̀. Èmi tí mo dúró níbẹ̀ bojú wẹ̀yìn. Mo fẹ́ rí àwọn tó ń pàṣẹ fún. Kò sẹ́nì kankan.

Zipporah, ìyàwó olóògbé, ti fi mẹ́dà náà há aṣọ ọkọ rẹ̀ láyà ní mọ́ṣúárì kí wọ́n tó dé pósí.

Oṣù díẹ̀ kọjá. Obìnrin kan láti Àjọwá bá Bridget lọ́jà Ìkàrẹ́, ó ní, "Ṣé òótọ́ ni pé ẹ ti ta mẹ́dà dádì yín?" Ó nawọ́ fóònù sí i. Gbàǹjo orí ayélujára ni. Àwòrán bàbá rẹ̀ tó wà lára ìkéde ìsìnkú nìyẹn, ìtàn afárá nìyẹn, mẹ́dà nìyẹn. Wọ́n kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé àwọn ẹbí ló ń tà á nítorí ebi. Àwọn tó ń kó irú nǹkan bẹ́ẹ̀ jọ nílẹ̀ òkèèrè sì ń fi owó lé owó.

Láti ọjọ́ náà ni Zipporah kò ti jẹun dáadáa mọ́. Tí ilẹ̀ bá ti mọ́, ẹ̀gbẹ́ sàréè ni yóò lọ jókòó sí.

"Mo lá àlá rẹ̀," ló sọ fún mi. "Kò bá mi sọ̀rọ̀. Ó kàn ń fọwọ́ wá àyà rẹ̀ kiri. Ta ló tú aṣọ ọkọ mi ní mọ́ṣúárì? Ẹ fọ́ sìmẹ́ǹtì yìí. Ẹ jẹ́ kí n rí i."

A bẹ̀ ẹ́, kò gbà. Bíríkìlà ti dé pẹ̀lú dígà nígbà tí Bridget sáré jáde.

"Mọ́mì, ẹ dúró!"

Ó ti fẹ àwòrán etí mẹ́dà náà títí ó fi kún ojú fóònù. Akínlọ́lá ló wà níbẹ̀, kì í ṣe Akínọlá. Ó pé pérépéré. Suleiman mú mẹ́dà tí wọ́n fún òun náà wá láti Ìkàrẹ́ kí ó lè dá wa lójú: lẹ́tà ara tirẹ̀ jinlẹ̀, ó wọ́, ọwọ́ ló lù ú, ti inú fóònù tẹ́ẹ́rẹ́, ó gún régé, ẹ̀rọ ló kọ ọ́. Ayédèrú ni. Ojúlówó wà láyà ẹni tó ni ín.

Zipporah wo fóònù náà pẹ́. Ó ní, "Àwọn olè mọ orúkọ rẹ̀ kọ."

Ẹ̀yin ará ọ́fíìsì, ṣé ẹ gbọ́ gbólóhùn yẹn? Ẹ fi ọ̀pọ̀ ọdún wá lẹ́tà kan ṣoṣo tì. Gbájú-ẹ̀ rí i lára ìkéde ìsìnkú láàárín ìṣẹ́jú kan.

Bridget pe ẹni tó ń tà á, ó ṣe bí oníbàárà.

"Ẹyọ mélòó lẹ fẹ́?" lẹni náà bi í.

"Ṣé kì í ṣe ẹyọ kan ló wà ni?"

"Iye tẹ́ ẹ bá fẹ́ la máa ṣe. Ṣé orúkọ òkú yìí lẹ fẹ́ àbí tẹlòmíì?"

A lọ sọ́dọ̀ ọlọ́pàá. Wọ́n ní ká mú ojúlówó wá kí wọ́n fi wé e. Inú sàréè ni ojúlówó wà! Wọ́n ní, ó dáa, kí àwọn ológun kọ ọ́ wá pé Akínọlá ni orúkọ tó wà lára rẹ̀. Àwọn ológun ní àwọn kò mọ̀ ọ́n. Àwọn tó ni gbàǹjo náà kò dá wa lóhùn rárá.

Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, wọ́n yọ mẹ́dà Clement kúrò. Inú wa fẹ́ dùn. Àṣé òkú mìíràn ni wọ́n gbé sí ipò rẹ̀: sójà kan tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ sin ní Ifira. Wọ́n ti kọ ọ́ sábẹ́ àwòrán rẹ̀ pé ebi ló ń pa ìyàwó rẹ̀.

Ìyàwó náà kò tíì mọ̀. Mo ti béèrè ilé rẹ̀, wọ́n sì ti júwe rẹ̀ fún mi. Ṣùgbọ́n èmi kọ́ ló rán ọkọ rẹ̀ lọ sójú ogun. Ẹ̀yin tí ẹ rán an, ẹ̀yin tí iṣẹ́ yín jẹ́ láti mú olè, àti ẹ̀yin tí ẹ ń jẹ èrè lórí gbàǹjo náà, ẹ dìde. Ẹ lọ kan ilẹ̀kùn obìnrin yẹn. Kí ẹ sì sọ orúkọ yín fún un kí ẹ tó jókòó.