Adúmáadán àti Alùpùpù Ńlá Rẹ̀

Ìyàwó ilé wa kì í pe àbúrò ọkọ rẹ̀ lórúkọ, bó ti wù kó kéré tó. Ìdí nìyẹn tí mi ò fi pe Akíntáyọ̀ ní Akíntáyọ̀ rí. Adúmáadán ni mo sọ ọ́, nítorí ó dú, ó sì ń dán. Firíjì ló ń tún ṣe ní Treichville, kò jìnnà sí ṣọ́ọ̀bù tí èmi ti ń ta sálúbàtà àti omi tútù. Ẹjígbò ni gbogbo wa ti wá sí ìlú àwọn tó ń sọ Faransé yìí. Èmi ni Fẹ́yìsetán, ìyàwó Adélànà ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ìyá Ìfẹ́dayọ̀ ni wọ́n ń pè mí.

Bí ẹ bá fẹ́ mọ irú ènìyàn tó jẹ́ nígbà náà, bó ṣe ń ṣe sí alùpùpù ni kí ẹ wò. Gbogbo wọn ló fẹ́ràn, títí kan èyí tó ń rú èéfín bí ààrò àti èyí tí wọ́n fi okùn so iná iwájú rẹ̀. Bó bá jókòó lọ́dọ̀ mi tí ọ̀kan ń bọ̀ lókèèrè, á ti mọ ẹni tó ni í kó tó yọ. "Taïrou nìyẹn. Bougie tó ń ṣáná sí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ti dọ̀tí." Bó bá rí ẹni tí tirẹ̀ kú sójú títì, á dúró tì í, ìbáà jẹ́ aṣọ ṣọ́ọ̀ṣì ló wọ̀. Mo máa ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ pé bó bá fẹ́ gbéyàwó, kó wá èyí tó ní táyà.

Ọdún 2000 ni Adélànà kú. Ó pẹ́ lórí ìdùbúlẹ̀ kó tó lọ. Ọmọ kan ló fi sílẹ̀ fún mi, Ìfẹ́dayọ̀, tó ti wà ní France báyìí. Bí mo bá sọ Yorùbá sí i lórí fóònù, Faransé ló fi ń dá mi lóhùn. Ó tún fi mobilẹ́tì búlúù kan, alùpùpù kékeré, sílẹ̀ ní ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù. Èmi ò mọ̀ ọ́n gùn. Ẹ̀yìn rẹ̀ ni mo máa ń jókòó sí, ní ẹ̀gbẹ́ kan, bí a bá ń lọ sí ìsìn ní Gonzagueville.

Kò pẹ́ tí a sin ín tí Adúmáadán fi dé ní Sátidé kan.

"Ẹ kúulé, Ìyá Ìfẹ́. Mo wá ṣáná sí mobilẹ́tì bọ̀dá. Ẹ́ńjìnnì tí a kì í ṣáná sí, kíkú ló ń kú."

Ó gbé e dúró, ó fi ẹsẹ̀ wà á títí ó fi dún. Òórùn epo gba inú ṣọ́ọ̀bù kan, ó ń ṣe mí bíi pé Adélànà ń múra àtijáde. Lẹ́yìn náà ó pa á, ó mu omi tútù, a sọ̀rọ̀ ilé díẹ̀, ó lọ. Sátidé tó tẹ̀ lé e, ó tún dé. Báyìí ló di àṣà. Àwọn àgbà ẹgbẹ́ ọmọ ìlú bẹ̀rẹ̀ sí í wojú wa. Ọ̀kan nínú wọn bi mí bóyá Akíntáyọ̀ ni yóò ṣú mi lópó. Mo ní kí wọ́n lọ bi òun. Ìbéèrè náà dùn mọ́ mi, mi ò ní purọ́. Mo ń retí kó lanu sọ ọ́, mo sì ti mọ ohun tí n óò fi dá a lóhùn.

Ó wá di ìparí ọdún 2004. Ìlú dàrú, àwọn òyìnbó ń kó lọ. Òyìnbó kan tí Adúmáadán ń tún firíjì ṣe fún ta alùpùpù rẹ̀ fún un ní pọ́ọ́kú. Sept cent cinquante, ìyẹn 750, ni wọ́n ń pè é. Ó pupa, ó sì tóbi bí akọ màlúù. Ọjọ́ tó gbé e dé iwájú ṣọ́ọ̀bù mi, àwọn ìgò orí pẹpẹ ń gbọ̀n. Ó ní kí n gùn ún, kí òun gbé mi yí àdúgbò ká. Mo wo ìjókòó rẹ̀, mo wo ìró ìdí mi.

"Ọkọ mi, àkàbà lẹ ó fi gbé mi gun èyí."

Ó rẹ́rìn-ín, ó ní ó di ọjọ́ mìíràn. Ọjọ́ mìíràn náà ò dé.

Láti ìgbà yẹn ni ojú rẹ̀ ti yí padà sí àwọn alùpùpù yòókù. Lákọ̀ọ́kọ́, kò kí wọn mọ́. Kì í ṣe ìgbéraga, n óò sọ òótọ́: kò rí wọn ni. Akoto ti bo etí rẹ̀, á sì ti kọjá kó tó mọ̀ pé ẹnìkan dúró lẹ́bàá títì. Nígbà tó yá, ó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ wọ́n lórúkọ. Mobilẹ́tì di ẹ̀rọ ata. Ti Taïrou di ewúrẹ́. Ta ló fẹ́ kí wọ́n máa pe nǹkan ìní òun ní ewúrẹ́? Àwọn tí wọ́n máa ń jókòó sí ìdí iṣẹ́ rẹ̀ yẹra lọ́kọ̀ọ̀kan. Wọ́n ní ojú tó ti rí òkun, kì í rí ọ̀sà kó bẹ̀rù. Ọjọ́ Sunday, òun nìkan ló ń sáré lọ sí Bassam létí òkun.

"Bí mo bá dúró dè wọ́n, ẹ́ńjìnnì mi á gbóná," ló sọ fún mi. "Bí mi ò bá dúró, èmi nìkan ni mo máa ń débẹ̀."

Àmọ́ ọjọ́ tí ẹnìkan fi èyí tó ju tirẹ̀ lọ kọjá lára rẹ̀ lọ́nà Bassam, kò jẹun. Kékeré ò tẹ́ ẹ lọ́rùn mọ́, ńlá ń bí i nínú. Ọ̀kan ṣoṣo ló kù láyé tó lè fẹ́ràn.

Ó ṣì ń yà lọ́dọ̀ mi ní Sátidé, ṣùgbọ́n ìkánjú ni. Ní ọdún 2008, alùpùpù ńlá bàjẹ́, ó ń dúró de irin kan láti Kútọnu. Wọ́n pè é láti wá tún firíjì ẹlẹ́ja kan ṣe ní Gonzagueville, ó sì ní kí n jẹ́ kí òun gun ti bọ̀dá. Inú mi dùn. Iwájú ṣọ́ọ̀bù ni mo jókòó sí títí ó fi dé. Ojú rẹ̀ korò bí ewúro. Kò tilẹ̀ gbé mobilẹ́tì náà dúró, ara ògiri ló fi tì.

"Ìyá Ìfẹ́, mo rò pé ojú kan ni mo dúró sí. Díẹ̀ ló kù kí n sọ̀ kalẹ̀ kí n máa fẹsẹ̀ rìn. Ẹ ta nǹkan yìí fún àwọn onírin, ẹ jọ̀ọ́."

Ọ̀rọ̀ náà dùn mí wọra. Mo ti di ọkọ mi mú lórí nǹkan yẹn láti Treichville dé Gonzagueville, a ò sì rò pé ojú kan ni a dúró sí. Inú mi máa ń tètè ru, gbogbo ilé wa ló mọ̀. Síbẹ̀ mo fi sùúrù sí i. Sátidé dé, kò wá. Òmíràn dé, kò wá. Alùpùpù ńlá ti sàn. Nígbà tí mo rí i pé kò ní wá mọ́, mo ta mobilẹ́tì náà fún Saliou, àgbẹ̀ kan ní Songon, kó máa fi kó ẹ̀gẹ́. Mo sunkún lọ́jọ́ tó gbé e lọ, lẹ́yìn náà mo fọ ilẹ̀ ibẹ̀. Epo dúdú tó ti ń kán síbẹ̀ látọjọ́ pípẹ́ kò ṣí.

Lẹ́yìn ìyẹn, mo máa ń gbọ́ ìró alùpùpù ńlá rẹ̀ ní òpin títì. N óò gbé omi jáde. Ìró náà á kọjá lọ, n óò sì dá omi padà. Ìdákẹ́jẹ́ ṣọ́ọ̀bù yẹn lẹ́yìn tí ìró bá ti kọjá, mi ò ní fẹ́ kí ọ̀tá mi mọ̀ ọ́n.

Ogun 2011 dé. A ti ilẹ̀kùn mọ́rí. Lẹ́yìn tí ìbọn rọlẹ̀ ni mo gbọ́ pé àwọn agbébọn dá Adúmáadán dúró lọ́nà, wọ́n ní kó sọ̀ kalẹ̀, wọ́n sì gbé alùpùpù náà lọ. Taïrou, kí Ọlọ́run bù kún un, ní kó wá gba ti òun lò. Ó dúpẹ́, kò gbà. Àpò irinṣẹ́ léjìká, ẹsẹ̀ ló ń fi rìn.

Ní Sátidé kan nínú oṣù May, mo rí i tó ń bọ̀. Ó ti rù. Ewú ti gba orí rẹ̀.

"Ẹ kúulé, Ìyá Ìfẹ́."

"Ẹ káàbọ̀, Adúmáadán. Ẹ kú ewu."

Kò jókòó. Ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù ló gbà lọ tààrà, ó sì dúró síbẹ̀.

"Mobilẹ́tì bọ̀dá ńkọ́?"

"Mo ti tà á. Ẹ̀yin lẹ ní kí n tà á."

Ó fi ẹsẹ̀ tẹ ojú epo dúdú náà. Lẹ́yìn náà ló wá jókòó sórí àpótí. Mo bu omi fún un nínú firíjì, ó mu ún. Sùúrù mi tán.

"Ṣé ìgbà tí ńlá lọ lẹ wá rántí kékeré? Ṣé ẹ̀rọ ata ti wá ṣeé gùn?"

"Mi ò wá gùn ún. Mi ò lè gun òmíràn mọ́ láyé mi. Mo wá ṣáná sí i ni." Ó yí ife ọwọ́ rẹ̀ ká. "Nígbà tí bọ̀dá wà lórí ìdùbúlẹ̀, wọ́n pè mí. Wọ́n ní ọmọ á lọ, ẹ̀yin nìkan lẹ máa kù. Wọ́n ní kí n máa yà wò yín ní gbogbo Sátidé. Mo ní ẹnu ayé ńkọ́? Wọ́n ní kí n máa sọ pé mobilẹ́tì ni mo wá ṣáná sí, kò ní sẹ́ni tó máa bi mí ní nǹkan kan."

Gbogbo ọdún wọ̀nyẹn, mo rò pé ẹsẹ̀ ara rẹ̀ ló ń gbé e wá. Ó dùn mí pé iṣẹ́ ni wọ́n rán an. Ó sì ṣe mí bíi kí n sunkún, nítorí Adélànà, tó ń kú lọ, èmi ló ń rò.

"Mo jẹ́ kí ẹ tà á," ni Adúmáadán wí. "Kí ni n óò wá sọ pé mo wá ṣe níbí báyìí?"

Ó fẹ́ dìde.

"Firíjì mi ò tutù mọ́," ni mo wí.

Ó wo ife ọwọ́ rẹ̀. Ìrì omi tútù ṣì wà lára rẹ̀. Ó wo firíjì, ó wá wò mí. Kò rẹ́rìn-ín.

"N óò wá wò ó ní Sátidé."

Ó ń wá ní Sátidé kan, á fo òmíràn. Ẹsẹ̀ ló ń fi rìn wá. Bí alùpùpù bá kọjá, kì í gbójú sókè mọ́. Kò tíì sọ ohun tí mo ń retí, èmi náà ò sì bi í. Àwọn oníbàárà mi ń kùn pé omi mi kì í tutù ní òpin ọ̀sẹ̀. Ní gbogbo ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Jímọ̀ ni mo máa ń yọ firíjì náà kúrò lára iná, kó má baà tutù bó bá dé.