Bàbá Eléékánná Tó Ń Yẹ Ìjàpá Wò

Títí di òní, bí èékánná bá ha irin létí mi, inú á kàn máa bí mi ni. Bàbá Ayétòrò kan ni mo máa ń rántí. Òun làwọn èèyàn ń pè wá wo mọ́tò kékeré àtijọ́ tí à ń pè ní ìjàpá, bóyá ojúlówó ni. Mi ò fẹ́ rí i sójú. Kì í kí èèyàn. Á fi èékánná àtàǹpàkò ha ọ̀dà mọ́tò, á gbé e símú, á ní, "Ẹnu mi ni ìwé mọ́tò."

Lẹ́yìn tí bàbá wa kú, ìyá mi fẹ́ ta ìjàpá rẹ̀ ní Ìlaròó. Ẹni tó fẹ́ rà á pe bàbá Ayétòrò yìí wá; lójú rẹ̀ ló ti ha ilẹ̀kùn mọ́tò náà, ó bú sẹ́rìn-ín.

"Ayédèrú! Irin mọ́tò méjì ni wọ́n jó pọ̀. Òmùgọ̀ wo ló ra èyí?"

Ìyá mi ò gbóhùn sókè.

"Ọkọ mi ni, Bàbá. Ẹ̀yin lẹ sì tà á fún un. Ẹnu yín náà ni ìwé mọ́tò lọ́jọ́ yẹn."

Bàbá náà yí padà, ó ń lọ, ọ̀dà mọ́tò wa ṣì wà lábẹ́ èékánná rẹ̀.