Ibi Tí Yìnyín Ti Kan Ìsàlẹ̀ Adágún

Ní ọdún 1998, ní Àbújá níbi tí omi kì í ti í dì, a parí àwòrán-ilẹ̀ adágún ńlá kan ní ìhà àríwá ayé. Ó fi ibi tí omi ṣẹ́kù sí lábẹ́ yìnyín han àwọn ará abúlé tó ń mu ún nígbà òtútù. Rédà orí sátẹ́láìtì ló ya àwọn àwòrán tí a lò. Ilé ẹ̀kọ́ tí mo ti kàwé lọ́hùn-ún a máa fi wọ́n ránṣẹ́, èmi a tẹ́ wọn sórí tábìlì, n ó máa tú wọn bí ẹni ń tú àlá. Ìyàwó mi a máa fi mí ṣẹ̀fẹ̀: "Bàbá yìnyín, omi ẹ̀rọ wa kò yọ láti àná o. Ẹ bá wa wò ó lójú sátẹ́láìtì yín bóyá ó ń bọ̀."

Ọ̀dọ́mọkùnrin kan, ọmọ Kàbà, ni igbákejì mi. Adágún Jabi tó wà ní Àbújá níbí ni mo fi kọ́ ọ níṣẹ́: nínú àwòrán rédà, omi tó pa rọ́rọ́ a máa dúdú, ilẹ̀ a sì máa funfun. Ṣùgbọ́n lórí adágún tó dì, ọ̀ràn yí padà. Ibi tí yìnyín ti kan ìsàlẹ̀ ló ń dúdú. Ibi tí omi ṣì wà lábẹ́ rẹ̀ ló ń funfun báláú.

"Ẹ̀gbọ́n, funfun lomi?" Ó bú sẹ́rìn-ín. "Kai! Ayé òyìnbó ti dojú dé."

"Má fi ṣẹ̀rín, àbúrò. Bí oòrùn bá padà dé, funfun yẹn ni yóò kọ́kọ́ tínrín."

"Mo ti há a sórí, sà."

Ó há a sórí lóòótọ́. Èmi náà, nínú ìgbéraga ẹni tó kàwé, rò pé ohun tó bá ti wọ orí ti wọ ẹsẹ̀ nìyẹn.

Ìgbà òtútù ń lọ sópin nígbà tí igbákejì mi lọ sórí adágún àríwá náà láti lu yìnyín rẹ̀ wò, kí a lè mọ̀ bóyá àwòrán wa tọ̀nà. Ọ̀gá ikọ̀ tó gbà á lálejò ló tẹ̀ mí láago. Kùrukùru bò wọ́n lórí adágún, yìnyín ń dún níwájú wọn, ẹ̀rù sì ba ọmọ náà. Ó wo àwòrán ọwọ́ rẹ̀, ó sáré kúrò lórí dúdú, ó bọ́ sórí funfun. Wọ́n kígbe pè é. Yìnyín là. Wọ́n ti ń wá a lẹ́nu odò tó ṣàn jáde níbẹ̀, wọn kò rí i.

Ilé ni a ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Jabi, níbi tí dúdú ti jẹ́ omi, tí funfun jẹ́ ilẹ̀, ni ọmọ náà kó lọ.

Mo lọ bá bàbá rẹ̀ ní Gwagwalada. Kò sunkún.

"Ẹ má fọ̀rọ̀ dídùn tàn mí," ó wí. "Ọmọ mi kú ni, àbí ó nù?"

Ọmọ kú yá ju ọmọ nù lọ. N kò sì mọ èyí tí mo lè pè é.

"Ẹ fún mi láàyè, bàbá."

"Títí dìgbà wo? Ìyá rẹ̀ ṣì ń bu oúnjẹ tirẹ̀ sílẹ̀."

Mo padà sí ọ́fíìsì, mo tẹ́ àwòrán náà. Dúdú yí funfun tí ó rì sí ká, bí ara àmù ṣe yí omi ká. Òkú kò lè gba ibi tí yìnyín ti kan ìsàlẹ̀ kọjá. Mo tẹ ọ̀gá náà láago: "Ẹ fi ẹnu odò sílẹ̀. Kò lè dé ibẹ̀. Inú funfun yẹn ló wà."

Wọ́n la yìnyín níbẹ̀. Wọ́n rí i.

Nígbà tí mo sọ fún bàbá rẹ̀, ó mí kanlẹ̀. "Ó kú," ó wí. "Kò nù. Ẹ ṣeun, ọmọ mi."

Mo ti di arúgbó báyìí. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ti yìn mí nítorí rédà, ṣùgbọ́n n kò tíì gba ọpẹ́ mìíràn tó wúwo tó bẹ́ẹ̀. Mo fi iṣẹ́ náà lé àwọn ẹlòmíràn lọ́wọ́ ní ìparí ọdún 2000.