Ayé Tí Tísà Yá ní Ẹ̀pẹ́

Títí di òní, bí nǹkan bá bọ́ lọ́wọ́ ènìyàn ní èbúté Ipakodo, wọ́n á bi í bóyá ayé ni. Olóògbé Tísà Fẹ̀hìntọlá ló fà á.

Ní ọdún 1954, Tísà ń kọ́ àwọn ọmọ ní Ìgbògbò, ní ilé-ìwé kan tí gbogbo ìwé inú ilé-ìkàwé rẹ̀ kò kún àpótí ọṣẹ. Kàkà kó káwọ́ gbera, ó ń yá ìwé kiri. Lọ́jọ́ tí à ń wí yìí, ó ń ti Ẹ̀pẹ́ bọ̀ pẹ̀lú ayé roboto tí wọ́n fi ń kọ́ ọmọ ní jọ́gíráfì. Ọ̀gá Sàlímọ́nù, olórí ilé-ìwé kan níbẹ̀, ló yá a. Bó ti ń sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ ojú omi ní Ipakodo, ẹsẹ̀ rẹ̀ yọ̀, ayé bọ́ sínú ọ̀sà, ó sì ń léfòó lọ.

“Ayé mi ti bọ́ sómi o!” ni Tísà ń ké, ó fẹ́ bẹ́ tẹ̀ lé e.

Mùsílímátù ẹlẹ́ja di ṣòkòtò rẹ̀ mú. Ó ní kò sẹ́ni tí ayé ò le fún, bó bá sì jẹ́ ọ̀rọ̀ ìyàwó ni, àwọn á bá a bẹ̀ ẹ́.

“Ìyá, ẹ fi mí sílẹ̀. Ayé náà kì í ṣe tèmi. Yíyá ni mo yá a.”

Ni Mùsílímátù bá bú sẹ́kún, ó ní òótọ́ ọ̀rọ̀ ni, kò sẹ́ni tó ni ín nínú wa. Nígbà tí àwọn apẹja fi àjẹ̀ fa ayé wá sí èbúté, ó wò ó, ó nu ojú, ó ní ṣé nítorí bọ́ọ̀lù lòun ṣe sunkún.

Ẹ má bá Tísà wí. Ọ̀gá Sàlímọ́nù ti kìlọ̀ pé bí ohun kan bá lọ tí kò padà, òun kò ní yá a ní nǹkan mọ́, àwọn ọmọ Ìgbògbò ò sì níbòmíràn. Omi ti ṣí ọ̀dà òkun ara ayé náà, Tísà sì fi aró kùn ún. Nígbà tó dá a padà, Ọ̀gá Sàlímọ́nù bèèrè ohun tó sọ òkun di dúdú. Tísà ní òjò ló ṣú.

Ìwé ìtàn tí Afọlábí télọ̀ kò tíì kà tán náà, ó yá a. Afọlábí wá ń jókòó sórí bẹ́ǹṣì láàrin àwọn ọmọdé kó lè gbọ́ ìparí rẹ̀. Lọ́jọ́ kan, wọ́n ní ó kàn án láti nu pátákó, ó sì nù ún.

Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe é fún ọdún mélòó kan. Bí ilé-ìwé bá fẹ́ gba ìsinmi, Tísà á dá ayé padà; bí wọ́n bá wọlé, á tún lọ yá a. Ọ̀gá Sàlímọ́nù á ní àwọn náà fẹ́ lò ó.

“Ọ̀gá, àwọn ọmọ yín ti rí ibi tí Èkó wà,” ni Tísà á wí. “Àwọn tèmi ṣì ń wá a.”

Nígbà tí àìsàn dá a dùbúlẹ̀, ìsinmi ti kù sí dẹ̀dẹ̀. Kò bèèrè oògùn, ayé ló ń bèèrè. Àpínkẹ́, ìyàwó rẹ̀, fi rán ọlọ́kọ̀ sí Ẹ̀pẹ́.

“Wọ́n ti dá ayé padà,” ni Àpínkẹ́ sọ fún un. “Ọ̀gá Sàlímọ́nù ti gbà á.”

“Ó dáa. Ojú ò ní tì mí.”

Ọjọ́ kejì ló kú, ó sì dun gbogbo Ìgbògbò.

Lẹ́yìn ìsìnkú, Ọ̀gá Sàlímọ́nù fúnra rẹ̀ gbé ayé wá. Mùsílímátù ló gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ ní Ipakodo, kò jẹ́ kí ẹlòmíràn fọwọ́ kàn án títí wọ́n fi dé ilé-ìwé. Àpínkẹ́ dúpẹ́, ó bèèrè ìgbà tí wọn yóò dá a padà.

Ọ̀gá Sàlímọ́nù fọwọ́ yí ayé díẹ̀, ó ń wo òkun aláró náà. Ó rẹ́rìn-ín, omi sì lé sí i lójú.

“Ẹ má dá a padà mọ́,” ló wí. “Ta ni yóò tún wá yá a lọ́wọ́ mi?”